Nígbà Tí Aládùúgbò Bá Mú Ajá Rẹ̀ Wá Sílé Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ti kó ìtìjú bá wa. Ní ọjọ́ Ferragosto ọdún tí ó kọjá, ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Turin, ní àdúgbò Barriera di Milano, pe àwọn ènìyàn jọ sí ilé wọn láti sinmi. Ìyá ilé ti se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ó ti din dòdò, ẹran sísun sì wà lórí iná ní àgbàlá. Wọ́n ti lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé alájà púpọ̀ náà pé kí gbogbo aládùúgbò tí kò rin ìrìn àjò máa bọ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màmá àgbà kan tí ó ń gbé ní àjà kẹta sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó gbé àwo èso ní ọwọ́ kan, ó sì fi okùn fa ajá kékeré kan ní ọwọ́ kejì. Kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, ọ̀kan nínú wa ti figbe ta. Àwọn ọmọdé gun àga. Arákùnrin kan sáré ká ẹní ìkírun bí ẹni tí iná ń lé bọ̀. Màmá náà wò wá, ó gbé àwo èso rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí a má bínú, ó sì yí padà sí òkè. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e nínú wa. A jẹun, a kírun, a palẹ̀ mọ́. A sì jẹ èso rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé ta ni ó kọ́ wa ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀sìn ni, tàbí ẹ̀rù, tàbí àṣà tí a kó wá láti ilé? Èrò tiwa, lẹ́yìn tí a ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ni pé mùsùlùmí tí ó bá pe aládùúgbò rẹ̀ wá sí ilé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gba aládùúgbò náà tòun ti ajá rẹ̀, láìba ìrun rẹ̀ jẹ́ àti láìgé òfin ẹ̀sìn rẹ̀ kù. A tún gbà pé ní ìlú tí a wà yìí, ó tọ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ọjọ́ tí Ferragosto jẹ́. Ọba Augustus ti Róòmù ni ó fi ìsinmi náà lélẹ̀ ní ọdún 18 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, kí àwọn òṣìṣẹ́ oko lè fara balẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Nígbà tí ó yá, ìjọ Kátólíìkì fi àjọ̀dún Màríà tiwọn sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì kan náà. Lónìí, ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ a lọ sí etí òkun ní Liguria tàbí sí orí òkè. Àwọn ìsọ̀ a ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ FIAT gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn síṣẹ́ ní Turin, bí ó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ìlú a dá páropáro.

Àwọn wo ni ó wá ń kù sí ìlú? Àwa àlejò ni, a kò ní owó etí òkun, àwọn mìíràn nínú wa kò sì ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn aláìsàn ń kù sí ìlú. Àwọn arúgbó tí ọmọ wọn ti lọ ń kù sí ìlú pẹ̀lú. Àwọn àgbà tí ó wà níbí ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 2003 kò lè gbàgbé ooru ọdún náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún arúgbó ni ó kú ní ilẹ̀ Faransé àti ní Ítálì, Turin sì wà lára àwọn ìlú tí ọ̀ràn náà bá jù. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú ni ó ń dá gbé. Nítorí náà, bí ẹnì kan tí ó ń dá gbé bá sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta wá sí ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀sán gangan oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, kò yẹ kí a mú un ní ọ̀rọ̀ eré.

Ajá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn kan máa ń já ajá sílẹ̀ ní etí títì, nítorí pé wọn kò rí ibi fi í sí bí wọ́n bá ń lọ ìsinmi. Ọ̀ràn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òfin orílẹ̀-èdè fi dìde sí i: òfin 281 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1991, ọjọ́ kan péré ṣáájú Ferragosto, kọ jíjá ẹran ọ̀sìn sílẹ̀, ó sì fi àwọn ajá tí kò ní olówó sí abẹ́ ìtọ́jú ìjọba. Ní ọdún 2005, ìgbìmọ̀ ìlú Turin ṣe òfin pé kí ẹni tí ó bá ní ajá máa mú un jáde fún ìrìn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 500 Yúrò. Ẹ̀rín lè pa wá bí a bá gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí i pé òun ni ó fà á tí àwọn olówó ajá fi jẹ́ aládùúgbò tí a ń pàdé jù lọ. Ní ìgbà òtútù, bí a bá ń ti ìrun àṣùbáà bọ̀, àwọn ni ó ń kọ́kọ́ kí wa ní ẹnu ọ̀nà.

Ibo wá ni igbe tí a ké ní ọjọ́ náà ti wá? Apá kan rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ní ilé, ajá tí kò ní olówó ń rìn káàkiri ààtàn, ajá dìgbòlugi sì ń pa ènìyàn títí di òní. Ajá tí a ń rí ní ẹnu géètì àwọn ọlọ́lá, ajá tí a fi ń lé olè ni. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n ìlú ti yàtọ̀ sí ìlú. Láti ọdún 2008, ìjọba Ítálì bá àrùn dìgbòlugi jà lára àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ìlà-oòrùn àríwá, títí dé agbègbè Veneto tí Padua wà, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, a kéde pé Ítálì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù tí a gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó tàbí Ìbàdàn kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe ní àgbàlá ilé kan ní Turin.

Apá kejì jẹ́ àṣà. Ajá ni àwọn abọ̀gún fi ń bọ Ògún, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn baba wa tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù jìnnà sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé a máa fún ajá ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe, kí wọ́n lè máa pe ajá, kí aládùúgbò tí wọ́n ń bá ṣọ̀tá sì máa gbọ́ èébú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ní ilé, a mọ bí a ṣe ń fi ajá bá aládùúgbò jà. Níbí, ajá kan náà lè jẹ́ ohun tí a ó fi bá aládùúgbò rẹ́.

Apá kẹta ni ẹ̀sìn, òun sì ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sọ, nítorí pé orúkọ ẹ̀sìn ni ẹni tí ó figbe ta náà dá. Ọlọ́hun dárúkọ ajá nínú Al-Kùránì, kò sì fi ṣe ẹ̀sín. Nínú Súrà Al-Kahf, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ké ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ajá àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ihò tí wọ́n sùn sí, nígbà tí a sì ń sọ iye wọn, a ń ka ajá náà mọ́ wọn. Nínú áyà kẹrin Súrà Al-Mā'idah, ẹran tí ajá ọdẹ tí a kọ́ bá mú wá fún wa jẹ́ hàlálì, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu ni ajá fi ń mú ẹran. Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ ìtàn obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tí ó rí ajá tí òùngbẹ ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí ó fi bàtà rẹ̀ fa omi fún un, tí Ọlọ́hun sì torí rẹ̀ forí jì í. Bí omi tí a fún ajá bá lè mú àforíjì wá, kí ni a rò pé yóò jẹ́ ti arúgbó tí a jẹ́ kí ó padà sókè pẹ̀lú ìtìjú?

A kò ní fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Òtítọ́ ni pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí ajá bá fi ẹnu kan omi inú ohun èlò wa, kí a fọ̀ ọ́ nígbà méje. Òtítọ́ ni pé ó sọ pé ẹni tí ó bá ń sin ajá láìjẹ́ ti ọdẹ, ti ẹran ọ̀sìn tàbí ti oko, láádá rẹ̀ yóò máa dín kù lójoojúmọ́. Òtítọ́ sì ni pé ó sọ pé màláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà. A gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí wọ́n dá lé. Ọ̀rọ̀ láádá dá lé ẹni tí ó sọ ajá di ara ilé rẹ̀ láìnídìí. Kò dá lé ẹni tí ó gba àlejò fún wákàtí méjì. Ní ti ọ̀rọ̀ màláíkà, àwọn onímímọ̀ kan wí pé àwọn màláíkà àánú ni a ń sọ, àti pé ajá tí a kò gbà wá láyè láti sìn ni ó kàn, àwọn mìíràn sì wí pé ó kan gbogbo ajá. Nítorí ìyapa yìí ni a fi ń sọ pé kí a gba ajá àlejò sí àgbàlá, kí inú ilé àti yàrá ìkírun máa wà bí wọ́n ṣe wà. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra ajá.

Ní ti ìmọ́tótó, ẹ jẹ́ kí a rántí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti jáde. Ojú ọ̀nà Imaamu Malik ni àwọn àáfà wa ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi kọ́ wa ní àlùwàlá àti ìrun. Ní ojú ọ̀nà náà, gbogbo ẹ̀dá tí ó bá wà láàyè ni ó mọ́, ajá sì wà nínú wọn. Fífọ ohun èlò nígbà méje jẹ́ ìjọ́sìn tí a ń ṣe nítorí àṣẹ, kì í ṣe nítorí pé ajá jẹ́ nájísì. Ìdí ẹran ọdẹ tí a mẹ́nu bà lókè wà lára ohun tí wọ́n gbé e lé. Bukhari sì gbà wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Umar pé ní ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, àwọn ajá a máa wọlé, wọn a sì máa jáde nínú mọ́sálásí, àwọn sàábé kò sì máa ń wọ́n omi sí ibẹ̀ nítorí rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn tí a jọ ń kírun níbí kì í ṣe ọmọ Máálíkì nìkan. Ará Mòrókò àti ará Sẹ̀nẹ̀gà bá wa dọ́gba nínú èyí. Àwọn ará Pakísítánì àti Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Hánáfì, ka itọ́ ajá sí nájísì. Àwọn Ṣáfíì àti Hánbálì ka gbogbo ara rẹ̀ sí nájísì. Ẹ̀tọ́ wọn ni, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí pàápàá, bí ara ajá tí ó gbẹ bá kan aṣọ tí ó gbẹ, kò kó nǹkan kan ràn án. Kò sí ojú ọ̀nà kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó ní kí a pariwo lé àlejò lórí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti nájísì, omi ni a fi ń fọ̀ ọ́. Igbe kò fọ nǹkan kan mọ́ rí.

Àwọn kan yóò wí pé Ferragosto kì í ṣe ọdún wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ àti ọdún Iléyá ni tiwa. A kì í ṣe àjọ̀dún Màríà, a kì í sì í rántí Augustus. Ààyè tí ọjọ́ náà fi sílẹ̀ ni a ń lò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń lo ọjọ́ Àìkú fún ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Àwọn mìíràn yóò wí pé bí a bá gba ajá lónìí, ọtí wáìnì ni a ó gbà lọ́la. Rárá o. Ọtí jẹ́ hàráàmù tí kò ní àríyànjiyàn, a kì í gbà á wọ ilé. Àwọn aládùúgbò wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ti sọ fún wọn ṣáájú pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Nítorí náà ni màmá náà fi gbé èso wá dípò ìgò. Ìyẹn fi hàn pé bí a bá la ọ̀rọ̀ yé àwọn ará ìlú yìí, wọ́n ń gbọ́. A ti rí ohùn sọ ọ̀rọ̀ ọtí. Ti ajá ni a kò rí ohùn sọ, ni a fi lọgun.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò sì kéré nínú ẹ̀sìn wa. Màláíkà Jibril ń tẹnu mọ́ ọn fún Ànábì wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé a ó sọ aládùúgbò di ẹni tí ń jogún. Abdullahi ọmọ Amr, sàábé ńlá, nígbà tí wọ́n pa àgùntàn ní ilé rẹ̀, ohun tí ó ń béèrè léraléra ni pé ṣé wọ́n ti fún aládùúgbò wọn tí ó jẹ́ Yahúdì. Ní ọjọ́ kejì Ferragosto náà, ìyá ilé àti méjì nínú wa gbé àwo ìrẹsì lọ sí àjà kẹta. Màmá náà ṣílẹ̀kùn. Ó ní ọkọ òun tí ó ti kú ni ó ni ajá náà, àti pé òun kò lọ sí etí òkun mọ́ nítorí rẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí ó dùn wá ju gbogbo rẹ̀ lọ: ó ní òun kò mọ̀ pé ajá ni, òun rò pé òun ni a kò fẹ́.

Nítorí náà, a gbé ìlànà díẹ̀ kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ pe ènìyàn jọ ní ọdún yìí. Àkọ́kọ́, kí a sọ ọ́ ṣáájú fún tọ̀tún tòsì. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ẹni tí ó bá ní ajá lè mú un bọ̀, pé àgbàlá ni a ó ti gbà wọ́n, àti pé kí ajá wà lórí okùn. Kí a sì sọ fún àwọn ọmọ ìyá wa pé ajá lè wà níbẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tàbí tí ojú ọ̀nà rẹ̀ le mọ ibi tí yóò jókòó sí. Àgbàlá jẹ́ ti gbogbo ayálégbé, nítorí náà kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ alábòójútó ilé. Òfin ilé iṣẹ́ ìlera ti ọdún 2013 ní kí okùn ajá láàrin ìlú má gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, kí olówó rẹ̀ sì mú ohun tí a fi ń di ajá lẹ́nu dání. Àwọn olówó ajá mọ èyí, kò ní bí wọn nínú bí a bá béèrè rẹ̀.

Èkejì, kí a ya yàrá ìkírun sọ́tọ̀ láti òwúrọ̀. Kí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹní ìkírun wà nínú rẹ̀, kí ọ̀nà ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá má gba ibi tí ajá wà kọjá. Ní àárín oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, oòrùn kì í wọ̀ ní Turin títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́, ní Padua ó ń yá díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrun àlàsárì yóò bá wa lẹ́nu àlejò, bóyá mọ̀ǹgáríbì pẹ̀lú. Kí ẹnì kan dìde, kí ó sọ fún àwọn àlejò pé a fẹ́ kírun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ti ṣe é rí, ṣe ni wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀ dè wá.

Ẹ̀kẹta, kí a pèsè abọ́ omi tí ó jẹ́ ti ajá nìkan, kí a gbé e sí ibòji, nítorí pé ooru ń mú ẹranko bí ó ṣe ń mú wa. Bí ó bá ṣèèṣì lá àwo tiwa, kí a gbé àwo náà sí apá kan láìsọ̀rọ̀, kí a fọ̀ ọ́ nígbà méje lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Kí a má ṣe fún un ní oúnjẹ wa láìbéèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Àlùbọ́sà, tí kò sí ọbẹ̀ wa tí kò sí nínú rẹ̀, jẹ́ májèlé fún ajá. Bẹ́ẹ̀ ni èso àjàrà àti ṣokoléètì. Eegun adìyẹ tí a ti sè a máa fọ́ sínú ọ̀fun rẹ̀, a sì lè pa á. Ọmọ tí ó bá ju eegun sí i lábẹ́ tábìlì rò pé òun ń ṣàánú ni.

Ẹ̀kẹrin, bí kò bá sí àgbàlá ńkọ́? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Padua, ní àdúgbò Arcella lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ń gbé ilé tóóró tí kò gba àlejò àti ajá pọ̀. Wọn kò pe onílé ajá wọlé, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá a, wọ́n sì ń jókòó tì í díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Èyí náà dára. Bí ilé kò bá gba ajá, kí olówó rẹ̀ mọ̀ láti ẹnu wa pé ilé ni ó kéré, àti pé òun fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá.

Èkarùn-ún ni ti àwọn ọmọ wa. Wọ́n ń bá àwọn ọmọ Ítálì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ajá sì wà ní ilé ọ̀rẹ́ wọn. Bí ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ wa kò bá ju kí a gun àga lọ, wọn yóò rò pé ohun tí Ìsìláàmù jẹ́ nìyẹn, wọn yóò sì máa tijú rẹ̀. Kí a kọ́ wọn kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má kígbe, kí wọ́n má fa ìrù ajá. Kí a kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ àwo nígbà méje, kí a sọ ìtàn obìnrin tí ó fi bàtà fa omi fún wọn. Ọmọ tí ó bá mọ méjèèjì ni ó mọ ẹ̀sìn rẹ̀.

Ní ọdún yìí, ilé kan náà ni a ó tún pàdé, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. A ti gbé ìwé ìpè àkọ́kọ́ lọ sí àjà kẹta. Abọ́ omi kan ti wà nílẹ̀ tí a kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn. Arákùnrin tí ó ká ẹní ìkírun mọ́ra ní èṣí wí pé òun ni yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti kí àwọn àlejò, ṣùgbọ́n kí ajá má ṣe sún mọ́ òun jù. A gbà fún un.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ wa, kí Ó jẹ́ kí ilé wa tutù fún aládùúgbò, kí Ó sì gba ìrun wa. Àmín.